Dúró Ládiípọ̀, Olùkọ́ Tí Ó Gbé Ṣàngó Wá Sórí Ìtàgé

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣì wà ní ilẹ̀ yìí, ó ṣòro kí ọmọ ilé-ìwé gíga tó dé kíláàsì òkè kí ó má bá eré William Shakespeare pàdé. Ọmọ àgbẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò rí òkun rí, ọmọ oníṣòwò láti Òṣogbo tí kò mọ bí òtútù ilẹ̀ òyìnbó ti ń ṣe ènìyàn, a jókòó ti fìtílà lóru, a sì máa kọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré Lọ́ńdọ̀nù ti sọ láti nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn sórí. Ìwé-ẹ̀rí wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì wà lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ náà kò burú, nítorí ọlọ́gbọ́n ni Shakespeare, ó sì mọ inú ọmọ ènìyàn. Èyí tí ó burú ni èrò tí ó máa ń bá ẹ̀kọ́ náà rìn: pé eré tí ó ní láárí, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè gbé e, pé ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn baba wa kò ju àlọ́ alẹ́ àti ariwo ìlù lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gba èrò yìí, tí wọn kò sì mọ ìgbà tí wọ́n gbà á.

Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ èrò yìí di irọ́ ni Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Tíṣà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò kórìíra Shakespeare. Ara ibi tí ó ti kọ́ ohun tí eré orí ìtàgé lè ṣe ni inú ìwé Shakespeare gan-an.

Òṣogbo ni a bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Àwọn ìwé kan kọ ọdún 1926, àwọn mìíràn kọ 1931, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń rí fún àwọn tí a bí nígbà tí kò sí ẹni tí ń fún ọmọ ní ìwé ìbí. Orúkọ rẹ̀ sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà kí ó tó dé. Dúródọlá ni, Dúróṣọmọ ni, Dúróoríkẹ́ sì ni pẹ̀lú. Àwọn òbí tí ojú ti rí màbo, tí wọ́n ń bẹ ọmọ kí ó má padà lọ, ni í sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó dúró. Timothy ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, Àdìsá sì ni oríkì rẹ̀.

Olùkọ́ ìjọ ni baba rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n onílù ni baba baba rẹ̀, láti ìran àwọn tí ó ń bọ Ògún, Ṣàngó àti Ọya. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni ó pàdé lára ọmọ kan ṣoṣo. Ní ilé, orin ìyìn àti Bíbélì ni ó ń gbọ́. Ní ìta, ìlù ọdún ìbílẹ̀ ń dún. A kò fẹ́ kí ọmọ olùkọ́ ìjọ máa wo eégún, a kò sì fẹ́ kí ó máa tẹ̀ lé àwọn oníṣàngó kiri. Síbẹ̀, bí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀, Dúró a yọ́ kúrò nínú ọgbà ìjọ lọ wòran. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ ọmọdé rí yóò mọ̀ pé ohun tí a bá fi ojú yíyọ́ wò kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Nígbà tí ó jáde ìwé, ó di olùkọ́ kékeré. Iṣẹ́ yìí ni ó gbé e dé Iléṣà, sí ilé-ìwé Holy Trinity tí ó wà ní Ọmọ́fẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Alex Peters, fẹ́ràn eré ṣíṣe, Dúró sì wà lára àwọn tí ó gbé eré Shakespeare tí ń jẹ́ As You Like It jáde níbẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1599 ni a kọ eré náà. Ìtàn olórí ìlú kan ni, tí àbúrò rẹ̀ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ó sì lé e wọ igbó. Àwọn olóòótọ́ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, Rosalind ọmọ rẹ̀ obìnrin náà bọ́ sínú igbó kan náà. Ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó yí orúkọ padà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì dá a mọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, a tú àṣírí, a gbé ìyàwó, olórí ìlú náà sì gba ipò rẹ̀ padà.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí ó jẹ́ pé kí a lé ọba kúrò lórí oyè, tàbí kí àbúrò máa jowú ẹ̀gbọ́n. Èdè ni ó ṣòro, ìtàn náà kò ṣòro rárá. Ìyàtọ̀ sì wà láàárín kí ènìyàn ka eré nínú kíláàsì àti kí ó gbé e jáde. Ẹni tí ó ń kà á nítorí ìdánwò, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ líle ni ó ń wá kiri, a sì máa fi pẹ́ńsù fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e jáde ni yóò rí i pé ìdákẹ́jẹ́ òṣèré lè wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, pé aṣọ ń sọ̀rọ̀, pé àwọn òǹwòran máa ń mí pọ̀ bí ẹnì kan ṣoṣo nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Kò sí ìwé atọ́nà tí ó lè fi èyí yé ọmọ ilé-ìwé.

Láti Iléṣà, ìrìn-àjò iṣẹ́ tíṣà gbé Dúró dé Ìbàdàn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń ṣẹ̀dá orin. Ní ọdún 1960, ó ṣètò orin Àjíǹde kan fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo. Ó rò ó pé bí a bá ń yin Ọlọ́run ní èdè Yorùbá, kò yẹ kí ìlù Yorùbá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó mú ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ náà dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ bínú gidigidi. Kì í ṣe pé orin náà kò dùn létí wọn. Ìlù náà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn baba wọn ti rìn kúrò lẹ́yìn òrìṣà, gángan tí ó ń dún níwájú pẹpẹ sì dàbí ẹni tí ó ń pè wọ́n padà. Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún wọn: ìlù kì í ṣe igi àti awọ lásán lójú Yorùbá, ó ń pe orúkọ, ó ń ki oríkì, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún Dúró, ohun kékeré kọ́ ni ó wà nínú ewu. Àwọn ìjọ ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé nígbà náà. Tíṣà tí ó bá di ọ̀tá ìjọ ń fi oúnjẹ ara rẹ̀ ṣeré. Ọmọ olùkọ́ ìjọ ni pẹ̀lú, ìtìjú baba rẹ̀ sì ni bí a bá ń dárúkọ rẹ̀ ní búburú. Ó lè bẹ̀bẹ̀, kí ó gbé ìlù padà sílé, kí ó sì máa kọ orin tí dùùrù nìkan lè gbè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ibòmíràn tí a ó ti gba ìlù náà láyè.

Ibòmíràn náà ni Mbari ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J. P. Clark wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ti ń gbé ní agbègbè Òṣogbo. Dúró wá sí àárín wọn, ó rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì rò ó pé kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ sí Ìbàdàn. Ó padà sílé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1962, a ṣí irú rẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé baba rẹ̀, ní òpópónà tí ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, tí kò jìnnà sí Òkè-Fìà níbi tí ilé gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lónìí. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo kò fi ìyẹn ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni tí ó ń sọ pé òun ìbá rí i, òun ìbá yọ̀, orúkọ náà sì di Mbari Mbayọ̀. Ìlú tí ó bá ti sọ nǹkan lórúkọ ní èdè ara rẹ̀ ti gbà á sílé nìyẹn.

Eré tí a fi ṣí ilé náà ni Ọba Mọ́rọ̀. Ìtàn Aláàfin Abípa ni. Ní ayé ìgbà náà, ogun ti lé àwọn ọba kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho sì ni wọ́n ti ń jọba. Abípa fẹ́ kó ìjọba padà sílé, ṣùgbọ́n Ìgbòho ti tẹ́ àwọn ìjòyè lọ́rùn. Nígbà tí ọba fẹ́ kí a lọ wo ilẹ̀ àtijọ́ náà, àwọn ìjòyè fi àwọn ènìyàn pamọ́ sórí òkè ibẹ̀ kí wọ́n máa ké lóru bí ọ̀rọ̀ inú igbó, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́. Ọba kò sá. Ó rán àwọn ọdẹ, àwọn ọdẹ sì mú gbogbo ọ̀rọ̀ náà láàyè wá bá a. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ọba tí ó mú ọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá ti ka As You Like It yóò rí i pé ìtàn méjèèjì jọra díẹ̀: olórí tí ó wà ní ìgbèkùn, ènìyàn tí ó fara hàn bí ẹlòmíràn, àti ìpadàbọ̀ sí ilé. Kì í ṣe pé ọ̀kan bí èkejì. Ìtàn Abípa ti wà lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ tipẹ́, Samuel Johnson sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe eré igbó ti Shakespeare kò ní ṣàìmọ̀ pé ohun tí ó wà ní Ìgbòho náà tó gbé lọ sórí ìtàgé.

Ọba Mọ́rọ̀ dára, ṣùgbọ́n ohùn orin ìjọ ṣì wà nínú rẹ̀. Dúró mọ̀ pé iṣẹ́ kù. Èyí ni ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀: ó gbà láti tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ó jókòó ti àwọn onídùndún àti oníbàtá, ó kọ́ oríkì, ó kọ́ ọfọ̀, ó kọ́ bí àwọn oníṣàngó ti ń jó àti bí wọ́n ti ń dúró. Àwọn tí ó ń kọ́ ọ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka ìwé kan. Ọdún 1963 ni èso ẹ̀kọ́ náà jáde, òun ni Ọba Kò So.

Ìtàn eré náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, àgàgà ọmọ Òṣogbo, nítorí Ẹdẹ kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Ṣàngó jẹ́ Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà, tí agbára wọn ti pọ̀ jù, tí ogun tí wọ́n ń jà kiri sì ti sú àwọn ará ìlú. Àwọn ènìyàn bẹ ọba kí ó wá nǹkan ṣe. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ pé kí ó máa ṣọ́ ẹnu ibodè, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ni pé bóyá kò ní padà. Dípò kí Tìmì kú, ó di ọba ní Ẹdẹ. A wá rán Gbọ̀ọ́nkáà láti mú un wá. Ìjà ọfọ̀ ni àwọn méjèèjì jà, Gbọ̀ọ́nkáà fi oorun kun Tìmì, ó sì gbé e dé Ọ̀yọ́. Ó yẹ kí ó tán níbẹ̀. Ọba ní kí wọ́n tún un jà lójú òun, Gbọ̀ọ́nkáà sì bẹ́ orí Tìmì. Lẹ́yìn èyí ni ó yíjú padà sí ọba fúnra rẹ̀, iná kò sì lè jó o. Ṣàngó, tí ó ti fi ọ̀tẹ̀ wá àlàáfíà, bínú débi pé ó pa nínú àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Ọya aya rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ó bọ́ sínú igbó ní òun nìkan, ó sì pokùnso. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọba kò so.

Àwọn tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ máa ń fi àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ ọba ńlá tí ìwà ara rẹ̀ ṣubú lù. Wọ́n á tún mú Macbeth tàbí Ọba Lear wá. Ṣàngó tí Dúró gbé kalẹ̀ tó dúró ní ẹgbẹ́ wọn láìtijú. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Olórí tí a bẹ̀ pé kí ó mú ìjà kúrò nílùú ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó gbà, ọ̀nà ẹ̀yìn náà sì gbé e lọ. Dúró fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó. Yóò di irun bí adóṣù, yóò wọ aṣọ pupa, iná á sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Aya rẹ̀, Abíọ́dún, ni ó ń ṣe Ọya. Àwọn bàtá kò sì jókòó sí ẹ̀yìn bí ẹni tí ó kàn ń ran orin lọ́wọ́. Òṣèré ni àwọn náà, wọ́n ń bá ọba sọ̀rọ̀, ọba sì ń dá wọn lóhùn.

Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ náà gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, ní Jámánì. Ní ọdún 1965, wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá kan àwọn ọmọ ìlú Shakespeare láti jókòó, kí wọ́n máa tẹ́tí sí èdè tí wọn kò gbọ́, kí wọ́n sì máa fi ojú àti ọkàn wá ìtumọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Iléṣà ti ń ṣe lábẹ́ fìtílà.

Ní ọdún 1964 yìí kan náà ni Dúró ṣe Ọba Wàjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944 ni ó fi ṣe é. Àṣà ni pé kí Olókùn-Ẹṣin bá ọba lọ. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dá a dúró, ọmọ Olókùn-Ẹṣin sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dípò ti baba rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká padà wá fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà kọ Death and the King's Horseman ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975. Eré Ṣóyínká yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì òkè ń kà ní ilẹ̀ òkèèrè báyìí, tí wọ́n sì ń ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé tíṣà kan láti Òṣogbo ti gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Yorùbá kí ìyẹn tó jáde ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá.

Ó sì wá di ọdún 1965, tí Dúró tún nawọ́ sí ìwé àtijọ́ àwọn òyìnbó. Eré kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1500 tí ń jẹ́ Everyman: ikú wá pe ọkùnrin kan, ó wá ẹni tí yóò bá a lọ, ọ̀rẹ́ àti ẹbí kọ̀ ọ́, owó náà kọ̀ ọ́. Hugo von Hofmannsthal tún un kọ ní èdè Jámánì ní ọdún 1911, láti ọdún 1920 ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní ìlú Salzburg. Ulli Beier, tí ó máa ń fi orúkọ Ọbọ́túndé Ìjímèrè kọ eré, yí i padà sí ti ilẹ̀ yìí, Dúró sì sọ ọ́ di Èdá. Ẹni tí ó bá rò pé ìtumọ̀ lásán ni kò tí ì wò ó dáadáa. Ọlọ́lá Yorùbá ni Èdá, ẹni tí ó mọ ìnáwó, tí ó ní ọ̀rẹ́ ariya, ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa àtúnwá sì wọ ibi tí ìdájọ́ ìkẹyìn wà nínú ti àwọn òyìnbó. Eré tí ó rin ìrìn-àjò láti Gẹ̀ẹ́sì sí Jámánì dé Òṣogbo rí aṣọ wọ̀ níbẹ̀ tí ó bá a mu bí ẹni pé ìlú náà ni a bí i sí.

Mọrèmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1966. Lẹ́yìn náà ni àwọn eré tẹlifíṣọ̀n bíi Bọ́dé Wáàsinmi, tí ó jẹ́ kí àwọn tí kò wọ gbọ̀ngàn eré rí mọ Dúró nínú ilé wọn. Mbari Mbayọ̀ kò sì mọ sórí eré nìkan. Jimoh Buraimoh, tí ó ń bójú tó iná ìtàgé fún ẹgbẹ́ náà, di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Òṣèré ni Muraina Oyelami pẹ̀lú kí ó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Twins Seven-Seven, ijó ni ó gbé e wọ ibẹ̀ ní ọdún 1964.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Institute of African Studies ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ọ̀rọ̀ Ọba Kò So sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ohun tí ìlù ń sọ. Ó di ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ń kà nínú kíláàsì. Ní ọdún 1975, ẹgbẹ́ náà ṣe é ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Dúró Ládiípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1978, ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí Mbari Mbayọ̀ pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé òjò rọ̀, ààrá sì sán nígbà náà, ẹnu kò sì yà àwọn tí ó ti rí i nínú aṣọ Ṣàngó. Abíọ́dún kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà tú ká. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni ó ṣì ń jáde bí Ọya, tí àwọn bàtá ń kí i.